Ẹ Má Kà Mí Mọ́ Wọn

Ọkùnrin mẹ́wàá péré ló kù nínú àwa Júù Tisirt nígbà ayé Yaish onígàárì. Ẹ sì mọ̀ pé bí mẹ́wàá ò bá pé, kò sí kíka ìwé Òfin, kò sí àdúrà ìjọ, kò sí àdúrà tí ọmọ ń gbà fún òkú òbí rẹ̀. Ẹni mẹ́sàn-án kì í ṣe nǹkan kan. Kí ẹ̀yin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mọ́ bí áńgẹ́lì, ẹ kàn ń lanu lásán ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó lè ṣàìsàn kó gbádùn ẹ̀ ní Tisirt. Tí ibà bá dá ọ dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ Sábáàtì, wọ́n á gbé ọ tìbàtìbà wá sí sínágọ́gù, wọ́n á fi ọ́ ti ògiri, wọ́n á máa bá àdúrà wọn lọ.

Gàárì ìdẹrù ni Yaish ń rán, èyí tí wọ́n ń gbé lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́yìn: aṣọ irun ewúrẹ́ lóde, koríko gbígbẹ nínú. Ó ga, èjìká rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú nítorí iṣẹ́, kò sì lọ́rọ̀ lẹ́nu. Tí o bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, yóò kọ́kọ́ wojú ọ̀run bí ẹni fẹ́ mọ̀ bóyá àárọ̀ ni lóòótọ́. Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé bí Yaish bá ti gbọ́ òfin, ó ti gbọ́ ọ nìyẹn. Kì í wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà yẹ̀ ẹ́. Àwa yòókù máa ń wá a, mi ò ní purọ́ fún yín.

Freha, ìyàwó rẹ̀, ló gba gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run ì bá pín fún àwọn méjèèjì. Ó lẹ́fẹ̀, kò sì sí ẹni tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́, àti ràbì àti àgbò. Bí ẹ bá ń bọ̀ níbi ààrò búrẹ́dì, tẹ́ ẹ gbọ́ tí àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti mọ̀ pé Freha wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Rahma, ó sì ti lọ sílé ọkọ ní abúlé míì. Ẹ̀fẹ̀ Freha yìí ló kó wa sí wàhálà.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà kan lẹ́yìn Àjọ Ìrékọjá. Ọmọ ogun Káídì kan, ẹ mọ Káídì, òun ló ń jọba lórí gbogbo òkè wa nígbà yẹn kí àwọn Faransé tó dé, ọmọ ogun rẹ̀ kan di irùngbọ̀n Pinhas mú láàárín ọjà, ó ń fà á bí okùn ewúrẹ́. Pinhas ti darúgbó, ó tún dití. Masud, ọmọ Hanania, ò lè wò ó. Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni Masud, ọwọ́ rẹ̀ sì dára débi pé àwọn ìyàwó Káídì fúnra wọn ń ránṣẹ́ sí i pé kó bá àwọn ṣe ẹ̀gbà. Ó taari ọmọ ogun náà, onítọ̀hún sì ṣubú yakata sínú ìgbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Káídì ò lè gbà.

Wọ́n ń wá Masud kiri. Hanania, bàbá rẹ̀, ni olórí àwa Júù níbẹ̀, òun náà ló ń ṣíwájú àdúrà. Ó fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sórí àjà sínágọ́gù, níbi tá à ń kó àwọn ìwé mímọ́ tó ti gbó sí, torí a kì í sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nù, a kì í sì í sun ún. Ta ló máa rò pé ènìyàn wà níbẹ̀? Eruku àti eku nìkan ló ń gbé ibẹ̀.

Àmọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é: lọ́jọ́ Ẹtì, ilé kọ̀ọ̀kan á gbé ìkòkò Sábáàtì rẹ̀ lọ sí ààrò, ọkà àti ẹyin àti ẹ̀wà, á máa jinná díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àwa kì í fọwọ́ kan iná ní Sábáàtì, nítorí náà Fadma, Mùsùlùmí tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ló ń bá wa tọ́jú iná. Obìnrin dáadáa ni. Ó mọ ìkòkò olúkúlùkù bó ṣe mọ ojú ẹni tó ni ín.

Lọ́sàn-án Sábáàtì yẹn, ìyàwó Hanania ń bẹ̀rù pé wọ́n ń ṣọ́ òun, ó ní kí Freha bá òun gbé ìkòkò náà lọ. Freha gbé e. Fadma rí i.

"Freha, ìkòkò Hanania kọ́ nìyẹn? Sínágọ́gù lo sì dorí kọ."

"Àwọn ìwé àtijọ́ orí àjà ló fẹ́ jẹun," ni Freha wí, kò tiẹ̀ dúró. "Láti ìgbà ayé Mósè ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó fún wọn ní nǹkan kan rí."

Fadma rẹ́rìn-ín títí. Ẹ ò rí i, ọ̀rọ̀ náà dùn. Ó dùn jù. Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ nílé ọlọ kí wọ́n lè bá a rẹ́rìn-ín, ẹnì kan nílé ọlọ kò sì rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọmọ ogun wọlé wá, wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè, orí àjà ni wọ́n gùn tààrà. Wọ́n na Masud nílé Káídì, wọ́n sì fi ìdí ìbọn fọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e padà, ìka ọwọ́ náà ò ṣeé wò.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Freha wọ ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó wólẹ̀ sórí koríko gbígbẹ, ó ń sunkún.

"Bàbá Rahma, èmi ni mo pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Yaish gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́ ara gàárì.

"Ta lo tún sọ fún?"

"Kò sẹ́ni kankan."

"Má sọ mọ́."

"Ẹ jẹ́ n lọ bẹ Hanania."

"Freha, o ti gbọ́ ohun tí Hanania ń sọ kiri ìgboro. Ó ní ẹni tó tú àṣírí ọmọ òun fún Káídì, ọwọ́ ara òun lòun á fi lé e gun òkè, tó bá sì kú, kò ní sùn nínú ilẹ̀ wa. Ọkọ Rahma á dá Rahma padà. Níbo lo máa lọ? Má sọ mọ́."

Òun náà ò sọ. Ṣùgbọ́n Hanania ò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó gun ìbaaka lọ sí ìlú ńlá, ó sì mú onídàájọ́ wá, ràbì kan tó ní irùngbọ̀n funfun, ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́jú. Wọ́n pe gbogbo ọkùnrin sínú sínágọ́gù. Wọ́n gbé ìwé Òfin jáde, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àbẹ́là dúdú tó ń jó. Wọ́n fun ìwo àgbò, ó sì dún débi pé àwọn ajá Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ sí í gbó lápá kejì odò.

Ràbì náà ní, "Ègún ni fún ẹni tó fi ẹnu rẹ̀ tú àṣírí Masud. Ègún ni fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n tí kò sọ. A yọ wọ́n kúrò nínú ìjọ. Kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ wọn ju ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin lọ, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn jẹun, kí ẹnikẹ́ni má kà wọ́n mọ́ ẹni mẹ́wàá. Kí ìmọ́lẹ̀ wọn kú báyìí."

Wọ́n tẹ àwọn àbẹ́là náà bọ inú omi, èéfín bo gbogbo ilé. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni ràbì fi sílẹ̀: bí ẹni tó tú àṣírí bá jẹ́wọ́, tí Masud bá sì gbà, ẹni mẹ́ta tí ègún náà ò kàn lè jókòó papọ̀ kí wọ́n tú gbogbo ẹni tó dè. Ó ní kí a ṣe Àmín. A ṣe é. Ti Yaish ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó yé e pé ara òun lòun ń gégùn-ún fún.

Láti ọjọ́ yẹn ni Yaish ti yọ ara rẹ̀ kúrò láàárín wa. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó tiẹ̀ mọ̀. Ẹni tí ìjọ bá yọ ń gbé bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni, kì í fá irun, kì í fọ aṣọ, ilẹ̀ ló ń jókòó sí. Yaish ṣe gbogbo rẹ̀. Bí oníbàárà bá bọ́ síwájú, Yaish á fà sẹ́yìn, oníbàárà á tún tẹ̀ lé e, wọ́n á máa yí gàárì po bí àkùkọ méjì. Bí Freha bá gbé oúnjẹ wá, yóò gbé tirẹ̀ lọ sídìí ilẹ̀kùn. Ní Sábáàtì, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Bí ẹni mẹ́wàá ṣe di mẹ́sàn-án nìyẹn ní Tisirt. Ìwé Òfin wà nínú àpótí rẹ̀ láìjáde ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn.

Inú Makluf tó ń ṣe bàtà ò dùn sí i rárá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ti Yaish.

"Yaish! Ẹsẹ̀ tó ń wú ní Sábáàtì tó ń sàn lọ́jọ́ ọjà, ẹsẹ̀ wo nìyẹn? Gbé e wá kí n wò ó. Mo mọ ẹsẹ̀ ju dókítà lọ."

"Má sún mọ́ mi, Makluf."

"Ṣé mò ń rùn ni? Ìwọ lò ń rùn, ọ̀gbẹ́ni. Irùngbọ̀n rẹ ti dà bíi koríko inú gàárì. Freha ò rọ omi sílé mọ́ ni?"

Yaish tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó dùn ún o. Ọ̀rẹ́ ọmọdé ni wọ́n. Ó fẹ́ràn kí Makluf wá jókòó tì í lọ́sàn-án kó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, bí Makluf bá sì ti lọ tán, yóò wo ibi tó dúró sí títí.

Lọ́jọ́ kan Masud fúnra rẹ̀ wá, ó fi ọ̀já gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì di òòlù mú, ó sì fẹ́ kí Yaish bá òun rán awọ kan tí òun á máa so mọ́ ọrùn ọwọ́. Yaish gba awọ náà lókèèrè, ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

Masud wo ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe máa bá ayé lọ bí àwọn yòókù ti ń ṣe?"

Yaish ò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni.

Freha tó ń bá gbogbo ayé ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀, ńṣe ló ń lọ sídìí ààrò báyìí bí ẹni tó jí nǹkan. Ó mọ̀ pé wọ́n ti yọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Yaish ò sọ fún un pé wọ́n yọ ẹni tó mọ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ sídìí ilẹ̀kùn, ohun tó rò lọ́kàn rẹ̀ ni pé ó ń sá fún òun ni.

"Bàbá Rahma, bí ẹ bá kórìíra mi, ẹ sọ."

"Ta ló kórìíra rẹ?"

"Ẹ kì í jókòó tì mí mọ́."

"Ẹsẹ̀ ni," ni Yaish wí. Kò mọ irọ́ pa, ẹyọ kan yìí náà ló ní.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di oṣù tó ṣáájú Ọdún Tuntun àwa Júù. Lóṣù yẹn ni Ìyá Mbarka kú. Ìyá Hanania ni, òun sì ni agbẹ̀bí wa. Gbogbo wa ní Tisirt, àfi Pinhas, ọwọ́ rẹ̀ la bọ́ sí láti inú ìyá wa, Yaish náà wà níbẹ̀. Ó kú láàárọ̀, wọ́n sì sin ín kí ọ̀sán tó pọ́n bí àṣà wa. Yahya tó ń kiri ọjà ní abúlé, tó jẹ́ pé Sábáàtì nìkan ló ń bá a nílé, ti darí wálé nítorí àjọ̀dún, ṣùgbọ́n Yaish ti lọ kó gàárì fún àwọn ará òkè, mẹ́sàn-án ni wọ́n lórí sàréè. Wọ́n da erùpẹ̀ bo obìnrin tó gbẹ̀bí gbogbo ìlú, ọmọ rẹ̀ ò sì lè gba àdúrà fún un. Hanania dúró síbẹ̀, ó ń wo ọ̀nà òkè.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Yaish fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Hanania sáré jáde láti ilé rẹ̀ láìwọ bàtà, aṣọ rẹ̀ ti ya láyà bí aṣọ ọlọ́fọ̀, kò sì jẹ́ kí Yaish rí ààyè fà sẹ́yìn, ó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọlọ́run ló rán ẹ wá! Mẹ́wàá ti pé! Màmá ti lọ, Yaish. A sin ín bí ẹran. Wá, wọlé, má sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́, màá gbé ẹ."

Ó fà á wọ àgbàlá. Àwọn ọkùnrin ti tò síbẹ̀. Àwọn obìnrin wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀fọ̀, ẹyin àti ẹ̀wà lẹ́ńtì nínú àwo, Freha wà láàárín wọn. Yaish wò ó. Bí òun bá pa ẹnu mọ́, tí òun dúró, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ṣùgbọ́n àdúrà náà á di afẹ́fẹ́ lásán, ìyá arúgbó yẹn ni òun á sì fi jìyà. Bí òun bá lanu, wọ́n á béèrè orúkọ.

A kì í ka ènìyàn bí ẹran ọ̀sìn. Ẹsẹ kan wà nínú Sáàmù tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ní èdè Hébérù, òun là ń kà, ọ̀rọ̀ kan fún orí kan. Hanania bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Pinhas, ó ń tò ó lọ, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀ àti ẹkún. Ó kan Makluf, ó kan àwọn àbúrò Makluf méjèèjì, ó kan Masud. Nígbà tó ku ọ̀rọ̀ kan, ó nawọ́ sí Yaish.

"Ẹ má kà mí mọ́ wọn," ni Yaish wí.

"Kí lo wí?"

"Ẹ má kà mí. Bí ẹ bá kà mí, àdúrà yẹn ò ní dé ọ̀dọ̀ màmá."

Kò sẹ́ni tí kò yé. Ojú Hanania yí padà bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Ìwọ ni?"

"Èmi kọ́. Mo mọ̀ ọ́n ni. Láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n."

"Ta ni?"

"Mi ò ní sọ."

Hanania fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú. "O wà lójúkojú pẹ̀lú mi láti Ìrékọjá! Ò ń wo ọwọ́ ọmọ mi! Ta ni, Yaish?"

"Ẹ lù mí tẹ́ ẹ bá fẹ́. Mi ò ní sọ."

"Fi í sílẹ̀, Hanania," ni Makluf wí. Ó ti bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. "Fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, má ka èmi náà."

Gbogbo ojú yí sí i.

"Ìyàwó mi ló sọ fún mi," ni Makluf wí. "Fadma ló sọ fún un nídìí ààrò, ó ń sunkún. Mo wá sọ fún ara mi pé òfin wa ò gba ẹ̀rí obìnrin nílé ẹjọ́, nítorí náà bí obìnrin bá sọ nǹkan fún mi, mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Mo bá ń bọ̀, mo ń gbàdúrà. Ẹ wo òmùgọ̀ yìí, òun ò wá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́, ojú sì ń tì mí."

Àbúrò rẹ̀ àkọ́kọ́ wú ikọ́. "Ìyàwó tèmi náà sọ fún mi." Ìkejì kàn gbé ọwọ́ sókè. Lẹ́yìn wọn ni àwọn àna Pinhas méjèèjì, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ó hàn gbangba nígbà yẹn pé kò sẹ́ni tí aya rẹ̀ ò sọ fún, olúkúlùkù sì rò pé òun nìkan ni. Láti Ìrékọjá ni a ti ń pe ara wa ní mẹ́sàn-án, a ò tiẹ̀ tó mẹ́rin.

Hanania wo ọmọ rẹ̀.

"Ó kéré tán ìwọ ò mọ̀," ni ó wí.

"Fadma wá sídìí ẹní mi ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé mi dé," ni Masud wí. "Ó ní kí n dárí ji òun. Ó sọ ẹni tó bá òun sọ ọ́. Bàbá, èmi náà ṣe Àmín. Bí ẹ bá bi mí, ọmọ yín ni mí, màá sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí."

Ẹ fojú inú wo Hanania. Òun ló lọ pe onídàájọ́, nítorí ọmọ rẹ̀ ló ṣe fun ìwo, ìwo náà sì ti gé ọmọ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí ègún náà ò kàn nínú ìlú kò ju mẹ́ta lọ: òun fúnra rẹ̀, torí kò sí obìnrin tó láyà láti sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, Yahya tí kò níyàwó tó máa sọ nǹkan fún un, àti Pinhas tí ènìyàn ò lè sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún, torí ó dití. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò béèrè nǹkan kan.

Ẹ rò pé àwo fọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná? Rárá o, Freha gbé àwo tirẹ̀ lé ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó rìn wá sí àárín àgbàlá, kò sì wo Hanania, ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

"Nítorí èmi ni ẹ ò ṣe fá irùngbọ̀n?" ni ó wí. "Nítorí èmi lẹ ṣe ń jẹun lórí ilẹ̀? Mo rò pé ẹ kórìíra mi. Bàbá Rahma, ẹ ò ṣe sọ fún mi?"

"Lọ sílé, Freha," ni Yaish wí. Ẹ̀rù ń bà á gidi gan-an. "Mo ní lọ sílé!"

"Mi ò lọ." Ó dúró sí ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin sí Hanania, ó kúnlẹ̀. "Bàbá Masud, èmi ni. Èmi ni mo gbé ìkòkò náà. Fadma bi mí níbi tí mò ń lọ, mo bá a ṣẹ̀fẹ̀, mo ní àwọn ìwé orí àjà ló fẹ́ jẹun. Mi ò sọ fún ọmọ ogun. Àmọ́ ẹnu mi ló ti jáde. Ẹ lé èmi nìkan. Ẹ má lé ọkọ mi, kò ṣe nǹkan kan."

Pinhas ń fa aṣọ Yahya. "Kí ló sọ? Kí ló dé tí Freha fi ń kúnlẹ̀?"

Yahya pariwo sí i létí. "Ó NÍ ÒUN NI! Ó FI ÌWÉ ORÍ ÀJÀ ṢE YẸ̀YẸ́, FADMA RÒYÌN RẸ̀!"

"Yẹ̀yẹ́?" Pinhas wo gbogbo wa yí ká. "Yẹ̀yẹ́ la ṣe fun ìwo àgbò sí? Èmi ni wọ́n fa irùngbọ̀n mi. Nítorí tèmi lọmọ yìí fi taari ọmọ ogun. Ẹ yáa gégùn-ún fún irùngbọ̀n mi náà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Hanania ń wo Freha, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé bí àwọn ènìyàn ò bá sí níbẹ̀ ni, ì bá dìde sí i.

"Ọwọ́ mi ni, Bàbá," ni Masud wí.

Hanania gbójú sókè.

"Ọwọ́ mi ni wọ́n fọ́. Kì í ṣe tiyín. Ẹ̀yin lẹ̀ ń bínú sí i, èmi ni mò ń fi í sùn. Ràbì ní bí mo bá gbà. Mo gbà. Ẹni mẹ́ta sì wà níbí."

Àdúrà Ìyá Mbarka ń dúró. Bí Hanania ò bá jókòó, mẹ́ta ò pé, bí mẹ́ta ò bá pé, wọn ò lè tú ẹnikẹ́ni, mẹ́wàá ò sì ní pé láéláé. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó lọ jókòó sáàárín Pinhas àti Yahya lórí bẹ́ǹṣì, ó mú ojú kúrò lára Freha, ó sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú àwọn méjì yòókù, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bí àṣà: "A tú ọ sílẹ̀." Ó sọ ọ́ fún Makluf, ó sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Nígbà tó kan Masud, ó sunkún. Nígbà tó kan Yaish, ó fi ọwọ́ lé e lórí, lórí irun dídọ̀tí yẹn. Freha ló kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ le bí òkúta. Ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, Yahya àti Pinhas sọ ọ́ tán, wọ́n sì ń dúró dè é. Ó sọ ọ́.

Wọ́n tò. Makluf fa Yaish mọ́ra pẹ̀lú èjìká, ó ní, "Wá síbí, ìwọ òbúkọ. Lọ́la màá fá ọ fúnra mi." Hanania gba àdúrà fún ìyá rẹ̀, nígbà tó sì kan ibi tí ìjọ ti ń dáhùn, ohùn Yaish ga ju ti gbogbo wa lọ, kò sì mọ̀. Freha dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò mọ̀ bóyá kí òun gbé àwo òun tàbí kí òun fi í sílẹ̀.

Wọ́n parí. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé oúnjẹ àkọ́kọ́, aládùúgbò ló gbọ́dọ̀ gbé e fún un. Hanania jókòó sórí ẹní, ó gbójú wo àwọn obìnrin.

"Freha," ni ó wí, "mi ò tíì dárí jì ọ́ o. Mo tú ọ sílẹ̀ ni. Ọ̀tọ̀ ni ìkíní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì."

"Mo mọ̀, Bàbá Masud."

"Kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Gbé oúnjẹ náà wá."

Ó gbé e wá, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ gan-an, Hanania sì mú ẹyin kan nínú àwo ọwọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́.